Ṣé Kí N Pa Ìyá Àdínì

Tó bá jẹ́ pé ìgbéraga ń mú èèyàn sanra ni, lóṣù tí Usamah parí áàpù rẹ̀, à bá ti wó ògiri ilé wọn kó tó lè rí ọ̀nà jáde. Ó ń rìn ní ìgboro Ẹdẹ bí ẹni pé òun ló kọ́ oòrùn ní bí wọ́n ṣe ń ràn. Ọlọ́kadà tó bá gbé e, kí wọ́n tó dé ibi tí wọ́n ń lọ, á ti mọ orúkọ áàpù náà, á ti mọ ìdí tí Usamah fi ṣe é, á sì ti máa bẹ Ọlọ́run pé kí ọ̀nà tètè tán.

Ohùn Àárọ̀ ni orúkọ áàpù náà. Àwọn ìyá ẹgbẹ́ Àsàlátù kan ní Òkè-Gàdà ló ṣe é fún. Láràárọ̀, lẹ́yìn àsùbáà, Ìyá Àdínì wọn a máa sọ wáàsí àti àdúà sínú fóònù, á sì dé ọ̀dọ̀ gbogbo ọmọ ẹgbẹ́. Tẹ́lẹ̀ rí, áàpù òyìnbó ni wọ́n ń lò, ṣùgbọ́n ojú áàpù òyìnbó rí wúruwùru bí ẹ̀yìn ọjà lọ́jọ́ kejì ọjà. Ìyá tó fẹ́ gbọ́ wáàsí á tẹ ibi tí kò yẹ, á bá ara rẹ̀ lójú fídíò pẹ̀lú ọkùnrin kan ní Dubai, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í bi í pé ṣé àwọn ọmọ jí dáadáa. Usamah ní òun máa gbà wọ́n lọ́wọ́ ìyà yìí.

Ká sòótọ́, ó mọṣẹ́ díẹ̀. Ó kàwé dé ìdajì ní pólì, ó sì wo fídíò àwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ títí ojú rẹ̀ fi pọ́n bí ata rodo. Nínú gbogbo ohun tó kọ́, ọ̀kan ṣoṣo ló dì mú bí ẹ̀sìn: ojú fóònù kékeré kò fẹ́ wúruwùru. Ibi tó sì ti fi ẹ̀sìn yìí jìyà jù ni sẹ́tinsì, ibi tí èèyàn ti ń sọ fún áàpù bó ṣe fẹ́ kó máa ṣe. Nígbà tó kọ́kọ́ ṣe é, nǹkan pọ̀ níbẹ̀ débi pé tí o bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka fà á wálẹ̀ ní Ẹdẹ, o ti máa dé Sekona kó tó tán. Usamah bá yọ àdá. Ó gé àwòrán, ó gé àwọ̀, ó gé àlàyé. Ọ̀rọ̀ tó bá fẹ́ gba ìlà méjì, ó ní irọ́ ni, ìlà kan ni kó gbà. Kódà àwọn àmì tótótó tí fóònù máa ń tò sẹ́yìn gbólóhùn láti fi sọ pé ọ̀rọ̀ ṣì kù, ó ní ṣé eṣinṣin ló yàgbẹ́ síbẹ̀ ni. Ó gbá wọn dànù.

Ó gbé e fún Labeebah wò. Labeebah ni ọmọbìnrin tó fẹ́ fi ṣaya, ó ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Òṣogbo, òpin ọ̀sẹ̀ ló ń wálé. Ọmọ ọmọ Ìyá Àdínì ni. Ọwọ́ ìyá náà ló dàgbà sí látìgbà tí ìyá tó bí i ti kú, kò sì sí ẹni tó lè mú un kúrò nílé yẹn láìjẹ́ pé Ìyá Àdínì lanu sọ pé, "Ẹ kó àwọn èèyàn yín wá, ká mọ ara wa." Ọ̀rọ̀ yẹn ni Usamah ń dúró dè. Kí ẹ má bàa rò pé nítorí ẹ̀sìn nìkan ló ṣe jókòó ti áàpù ẹgbẹ́ Àsàlátù bí adìyẹ tó sàba.

"Ó mọ́ lóòótọ́," ni Labeebah wí. "Ṣùgbọ́n fóònù tìẹ tóbi tó ilẹ̀kùn. Ṣé o ti yẹ̀ ẹ́ wò lórí tàwọn ìyá yìí? Tiwọn ò ju páálí ìṣáná lọ."

"Labeebah, ẹni tó ránṣọ fọ́ba, ṣé á tún lọ wọ̀ ọ́ fún ìránṣẹ́ wò ni?"

"Tó bá jẹ́ pé ìránṣẹ́ ló máa wọ̀ ọ́ ńkọ́?"

Usamah rẹ́rìn-ín. Ó ní ìbéèrè náà dáa, òun máa ronú sí i. Kò ronú kankan sí i.

Àwọn ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í lo áàpù, wọ́n sì ń ṣàdúà fún un. Kò pẹ́ ni Alhaja Kúlúsúmù, tó jẹ́ ọ̀tún Ìyá Àdínì nínú ẹgbẹ́, fi ọwọ́ pè é sí kọ̀rọ̀.

"Ọmọ mi, o ṣeun, o ò ní ṣìṣe. Ṣùgbọ́n ó ku nǹkan kan."

"Kí ni, Màmá?"

Kúlúsúmù wẹ̀yìn wò. "Ìyá wa. Kí Ọlọ́run dá wọn sí o. Ṣé o mọ̀ pé wáàsí wọn gùn? Bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ ìkíni, mo lè gbé ẹ̀wà kaná, kó jinná, kó jóná, kí n fọ ìkòkò, kí n tún gbé òmíràn kaná, wọn ò tíì kí àwọn ará Alajue tán. Kò sí bí èèyàn ṣe lè ní kó má dún mọ́? Ká ṣe é jẹ́jẹ́. Kí wọ́n má mọ̀."

"Ìyẹn ò le," ni Usamah wí. Lóòótọ́, kò le. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ó ti ṣe é. Bí èèyàn bá tẹ orúkọ ẹnikẹ́ni nínú ẹgbẹ́, àpótí funfun kan á yọjú, á béèrè pé: Ṣé kí n pa lágbájá lẹ́nu mọ́? Bẹ́ẹ̀ ni àti Rárá á wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ìlà kan, bọ́tìnnì méjì, àyè gbalasa. Usamah wò ó títí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún ayọ̀. Ọ̀rọ̀ náà rìn láti etí dé etí láàárín ẹgbẹ́, kò sì sí ẹni tó dárúkọ ẹni tó sọ fún un.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan, Labeebah pè é.

"Usamah, níbo lo wà?"

"Mo wà nílé. Ìwọ ti dé?"

"Máa bọ̀ nílé wa báyìí. Wọ́n ní Àǹtí Kafilat fẹ́ pa Màmá."

"Kó pa wọ́n báwo?"

"Inú áàpù ẹ ni."

Ọ̀kadà tó gbé e kò fẹsẹ̀ kan ilẹ̀. Bó ṣe wọ pálọ̀, ó bá gbogbo ẹgbẹ́ Àsàlátù níbẹ̀, nítorí ọjọ́ ìpàdé wọn ni. Wọ́n há mọ́ ara wọn lórí àga, wọ́n há mọ́ ara wọn lórí ẹní. Láàárín wọn ni Ìyá Àdínì jókòó sí, tẹ̀súbáà wà lọ́wọ́ wọn ṣùgbọ́n wọn ò kà á. Kafilat, ìyàwó ọmọ wọn, wà lórí eékún, ẹkún ti wú ojú rẹ̀. Jibril ọkọ rẹ̀ dúró tì í, ó ká apá rẹ̀ bí ọlọ́pàá tó ń ṣọ́ ẹlẹ́wọ̀n.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ò gùn. Fóònù Ìyá Àdínì ti kú, wọ́n sì fẹ́ kí àwọn tó wá ìpàdé tún gbọ́ wáàsí àárọ̀ ọjọ́ náà. Wọ́n gba fóònù Kafilat, wọ́n tẹ orúkọ ara wọn, ohun tí wọ́n rí níbẹ̀ kì í ṣe wáàsí. Bẹ́ẹ̀, ó ti pé ọjọ́ mélòó kan tí ìyá ọkọ àti ìyàwó ti ń fa ọ̀rọ̀ iyọ̀ inú ọbẹ̀. Ṣé ẹ mọ bí ilé ṣe ń rí. Kí wọ́n tó ka ẹyọ ọ̀rọ̀ kan tán, iyọ̀ ti di májèlé, ọbẹ̀ àná ti di ẹ̀rí, obìnrin kan tó jẹ nínú rẹ̀ ti di ikùn mú nígun yàrá.

"Usamah," ni Jibril wí, "ìwọ lo ṣe nǹkan yìí. Kà á sókè fún wa."

Usamah gba fóònù náà. Ojú rẹ̀ kéré lóòótọ́, bí ojú abẹ́rẹ́ ni. Ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀ ni: Ṣé kí n pa Ìyá Àdínì. Lẹ́nu mọ́ ò sí níbẹ̀. Àyè ò gba lẹ́nu mọ́, ojú fóònù ti gé e sọnù. Àmì tótótó tí ì bá sọ fún èèyàn pé ọ̀rọ̀ ṣì kù, Usamah fọwọ́ ara rẹ̀ gbá a dànù. Bẹ́ẹ̀ ni àti Rárá dúró nísàlẹ̀, wọ́n ń retí àṣẹ. Gbogbo rẹ̀ mọ́ tónítóní bí aṣọ òkú.

Ó mọ̀ pé bí òun bá ka ìyókù gbólóhùn náà, Kafilat yege. Ṣùgbọ́n Ìyá Àdínì á mọ̀ pé òun lòun kọ́ gbogbo ẹgbẹ́ bí wọ́n ṣe lè pa wọ́n lẹ́nu mọ́, ta ló sì máa fi ọmọ ọmọ rẹ̀ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀? Ó wo Kafilat lórí eékún. Ó wo Labeebah lẹ́nu ọ̀nà. Ó yan irọ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ fara balẹ̀. Pàdé ni. Ṣé kí n pàdé Ìyá Àdínì."

"Dé rẹ̀ dà?" ni Ìyá Àdínì béèrè. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa kọ́kọ́ sọ látìgbà tó wọlé nìyẹn.

"Mo... mo yọ ọ́, Màmá. Kó lè fúyẹ́."

"O yọ dé kúrò lára pàdé."

"Ojú fóònù kékeré ò fẹ́ wúruwùru, Màmá."

Ìyá Àdínì mi orí. "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Tẹ Bẹ́ẹ̀ ni, kí èmi àti ara mi pàdé."

Usamah wo bọ́tìnnì náà bí ẹni tí wọ́n ní kó fi ìka ro iná. Kò sí ibi tó máa gbà. Ó tẹ̀ ẹ́. Àpótí funfun míràn yọjú. Jibril ti na ọrùn, ó kà á sókè pẹ̀lú ohùn tí wọ́n fi ń kéde nílé ẹjọ́:

"A ti pa Ìyá Àdínì."

Obìnrin kan ní Ìnnàlíláhì. Ẹni tó di ikùn mú bú sẹ́kún. Kafilat dojú bolẹ̀ lórí ẹní, ó ní kí wọ́n jọ̀ọ́ kí wọ́n pe àwọn èèyàn òun wá láti Alajue, òun ò mọ ohunkóhun, òun ò tẹ ohunkóhun rí.

Ohùn tó fi sọ ọ́ ni Usamah ò lè gbà mọ́ra. Ó dábùú fóònù náà, ó yí i sí ẹ̀gbẹ́, ojú rẹ̀ fẹ̀ díẹ̀, ìyókù ọ̀rọ̀ sì jáde síta bí olè tí wọ́n tanná sí lójú. Ó kúnlẹ̀, ó gbé e síwájú Ìyá Àdínì. Ìyá náà ti kàwé Yorùbá dáadáa ní kékeré. Wọ́n fi ìka tọ̀ ọ́ lọ.

"A ti pa Ìyá Àdínì lẹ́nu mọ́."

Pálọ̀ dákẹ́ débi pé a lè gbọ́ bí irùngbọ̀n Jibril ṣe ń hù.

"Kí nìyẹn túmọ̀ sí?" ni wọ́n béèrè.

"Tí... tí èèyàn bá tẹ̀ ẹ́, Màmá, wáàsí yín ò ní dún lọ́dọ̀ rẹ̀ mọ́."

"Kafilat ti tẹ̀ ẹ́ ni?"

"Rárá o, Màmá. Ẹni tó bá ti tẹ̀ ẹ́, áàpù kì í bi í mọ́. Ẹni tí kò tíì tẹ̀ ẹ́ ló máa ń bi."

Ó ti sọ ọ́ tán kó tó mọ ohun tó sọ. Ìyá Àdínì gbé ojú sókè, wọ́n sì rọra wo gbogbo pálọ̀ yí ká, láti orí àga dé orí ẹní.

"Kúlúsúmù," ni wọ́n wí, "mú fóònù tìrẹ wá. Jẹ́ ká wò ó bóyá á bi ọ́."

"Ìyá wa, ó ti kú. Kò ní iná nínú."

"Azeemah, tìrẹ ńkọ́?"

"Tèmi náà kú, Màmá. Bí mo ṣe ń wọlé báyìí ló kú."

Àjàkálẹ̀ àrùn kan wọ pálọ̀ náà ní wákàtí yẹn, gbogbo fóònù tó wà níbẹ̀ ló sì pa láìku ẹyọ kan. Ọ̀kan nínú òkú wọ̀nyẹn dún lábẹ́ ìbòrí, ẹni tó ni ín jókòó lé e lórí. Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Gbogbo ojú ló wà nílẹ̀, bí ẹni pé abẹ́rẹ́ bọ́ tí wọ́n ń wá a.

"Tìẹ ńkọ́, Usamah?"

Labeebah ló béèrè, láti ẹnu ọ̀nà. Fóònù Usamah wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì kú. Iná kún inú rẹ̀ fọ́fọ́. Labeebah gbà á, ó tẹ orúkọ Ìyá Àdínì, ó sì gbé e sókè fún gbogbo wọn. Lójú fóònù tó tóbi bí ilẹ̀kùn, kò sí ọ̀rọ̀ tí wọ́n gé. Gbogbo rẹ̀ hàn gedegbe, ẹni tó wà ní ìkángun yàrá lè kà á: Ẹ ti pa Ìyá Àdínì lẹ́nu mọ́.

"Mo fi dán an wò ni," ni Usamah wí. "Lọ́jọ́ tí mo ṣe é. Mo gbàgbé láti dá a padà."

Ìyá Àdínì ka tẹ̀súbáà kan, wọ́n dúró. "Látọjọ́ yẹn, o ò gbọ́ ohùn mi?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"O ò wá gbọ́ tọjọ́ Jímọ̀."

Usamah mi orí pé òun ò gbọ́ ọ.

"Mo pe orúkọ rẹ nínú rẹ̀. Mo pe orúkọ bàbá rẹ. Mo ní mo ti gbà, kí o kó àwọn èèyàn rẹ wá lónìí lẹ́yìn ìpàdé, ká mọ ara wa. Mo ní n ò ní sọ fún ẹnì kankan lọ́tọ̀, kí ayọ̀ náà lè bá gbogbo wa lẹ́ẹ̀kan náà." Wọ́n wo àwọn ọmọ ẹgbẹ́. "Nígbà tí ẹ wọlé lónìí tí ẹnì kankan ò kí mi kú oríire, mo rò pé ẹ ń dúró kí ọmọkùnrin náà dé ni. Labeebah, ìwọ náà ò gbọ́?"

Labeebah, tó ti ń wo Usamah bí ẹni tó fẹ́ fi ojú jó o níná, rọra gbé ojú náà sílẹ̀. Ó ní ìdánwò pọ̀ ní Òṣogbo. Ó ní òun fẹ́ gbọ́ gbogbo rẹ̀ pa pọ̀ tóun bá gba ìsinmi.

"Mo gbọ́ ọ, Màmá," ni Kafilat wí, ojú rẹ̀ ṣì wà lórí ẹní. "Mo rò pé gbogbo wọn ló gbọ́. Mo ti se ìrẹsì. Ìkòkò ńlá méjèèjì ló kún. Mo pa adìyẹ márùn-ún."

Jibril tú apá tó ká. Kò mọ ibi tó máa gbé e sí mọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fa ìyàwó rẹ̀ dìde, ó sì ń gbọn eruku tí kò sí lára aṣọ rẹ̀.

"Wọ́n ní ikú yá ju ẹ̀sín," ni Ìyá Àdínì wí, ohùn wọn ò sì ga. "Nígbà tí mo rò pé ẹ fẹ́ pa mí, ara mi gbọ̀n, ṣùgbọ́n mo tún wò ó pé ẹni táyé bá fẹ́ pa, ó ní láti jẹ́ pé ó wúwo lójú wọn díẹ̀. Ẹ ò tiẹ̀ fẹ́ pa mí. Ariwo lásán ni mo jẹ́ fún yín."

Usamah dọ̀bálẹ̀ gbalaja, àyà rẹ̀ kan sìmẹ́ńtì. Ká ní sìmẹ́ńtì lanu ni, ì bá wọ inú rẹ̀ lọ. Ó ní kí wọ́n forí ji òun, òun máa yọ nǹkan náà kúrò kí ilẹ̀ tó ṣú.

"Má yọ ọ́," ni Ìyá Àdínì wí. "Èmi náà mọ̀ pé mo máa ń pẹ́. Ẹni tí kò bá fẹ́ gbọ́, n ò lè gun orí rẹ̀. Àmọ́ kọ ọ́ tán. Tó bá gba ìlà méjì, kó gbà á. Tó bá gba mẹ́ta, kó gbà á. Ẹni tó bá fẹ́ pa mí lẹ́nu mọ́, jẹ́ kó rí ohun tó fẹ́ ṣe kó tó tẹ̀ ẹ́."

"Mo gbọ́, Màmá."

"Ti Labeebah, mo ti gbà lọ́jọ́ Jímọ̀, o ò sì wá. Ìyẹn ti kọjá. Màá tún un rò. Ibi tí mo ti sọ tàkọ́kọ́ náà ni màá ti sọ ìdáhùn mi. N ò ní sọ ọjọ́ tó máa jẹ́ fún ọ. N ò sì ní sọ bóyá ìbẹ̀rẹ̀ ni, tàbí àárín, tàbí ìparí."

Wọ́n jẹ ìrẹsì náà. Ó dùn, iyọ̀ rẹ̀ ṣe déédéé, ìyẹn gan-an ló jẹ́ kó há wọn lọ́fun. Kúlúsúmù fọ ìkòkò méjèèjì fún Kafilat láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bẹ̀ ẹ́.

Láti ọjọ́ náà ni Usamah ti ń jí bá àsùbáà. Á tẹ́tí sí Ohùn Àárọ̀ láti bisimilai dé àmín, nítorí kò gbọdọ̀ fo ẹyọ ọ̀rọ̀ kan. Tó bá tiẹ̀ fẹ́ fò ó, kò sí bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń fo nǹkan nínú áàpù náà. Ó ti gé e, ó ní wúruwùru ni.

Àwọn ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀, ìdáhùn nìkan ló ń retí. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ìyókù. Ìyá Àdínì ń pe àwọn aláìsàn lórúkọ, lọ́kọ̀ọ̀kan, àti ibi tó ń dùn wọ́n. Wọ́n ń pe ẹni tó bímọ ní Alajue, wọ́n ń pe ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ dojú dé ní Sekona tí kò ṣèṣe. Láàárín wọn, láràárọ̀, wọ́n ń pe orúkọ ìyá Usamah, wọ́n ń bẹ Ọlọ́run fún eékún rẹ̀ tó ń ro ó. Ìyá Usamah, ọmọ ẹgbẹ́ tí eékún kì í jẹ́ kó lè wá ìpàdé, ò mọ̀. Òun náà ti tẹ Bẹ́ẹ̀ ni tipẹ́, Usamah ọmọ rẹ̀ ló sì bá a mú ìka rẹ̀ débẹ̀, tí ó ń fi hàn án bó ṣe rọrùn tó.

Ní àárọ̀ òní, ó jókòó lórí àtẹ̀gùn ilé wọn, fóònù wà létí rẹ̀, ìyá rẹ̀ ń tiro kọjá lọ sí bàlùwẹ̀. Ìyá Àdínì ṣẹ̀ṣẹ̀ pe orúkọ obìnrin náà tán. Ó fẹ́ pè é padà kó wá gbọ́. Ó la ẹnu, ojú tì í, ó pa á dé. Nínú fóònù, Ìyá Àdínì wúkọ́, wọ́n ní kí Kafilat bá àwọn bu omi wá. Usamah dúró kí wọ́n mu ún tán.